Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ fi rin Bangkok lóṣù kẹrin: ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀, ẹ yà síbí

Arìnká_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń jókòó sí igun ka ọ̀rọ̀ yín, n ò dá sí i rí. Ó ti wá kàn mí báyìí.

Mò ń lọ sí Táílándì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, èmi nìkan, báàgì ẹ̀yìn kan. Alẹ́ ni bàálù mi máa balẹ̀ sí Bangkok. Òru méjì ni màá sùn níbẹ̀, lẹ́yìn náà màá wọ reluwé lọ sí ìlú Chiang Mai. Tá a bá yọ òru kúrò, ọjọ́ kan gbáko ló kù fún mi. N ò sì fẹ́ wọ mọ́tò. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò wo ìlú, fèrèsé ló wò.

Ètò mi rèé. Họ́sítẹ̀lì mi wà nítòsí Khao San Road. Màá jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀, màá lọ sí ààfin Grand Palace, látibẹ̀ sí tẹ́ḿpìlì Wat Pho, màá sọdá odò sí Wat Arun, màá padà wá rin Chinatown já, màá gun òkè Golden Mount, màá wá parí ẹ̀ sí ọgbà Lumphini nírọ̀lẹ́. Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ ni mo gbà, n ò sì mọ àwọn méje yòókù, nítorí náà báàgì mi á wà lẹ́yìn mi. Kílò mọ́kànlá péré ni.

Ní ti ooru, Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, abẹ́ páànù ni mo dàgbà sí. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣábọ̀

Àbúrò, káàbọ̀. Ètò ẹ dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tó o bá tẹ̀ lé e bó o ṣe kọ ọ́ yìí, bó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ títì lo máa jókòó sí, tí wàá máa bi ara ẹ pé ta ló rán ẹ níṣẹ́.

Àwọn ibi tó o kà sílẹ̀ ò ní wàhálà, aago tó o fi sí i ni. Mo ti rin ìlú yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ẹ̀ lóṣù kẹrin, tí í ṣe oṣù tó gbóná jù lọ́hùn-ún. Aago mẹ́wàá tó o fẹ́ jáde yẹn ni èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòji. Gé ọjọ́ ẹ sí méjì, kó o ju àárín ẹ̀ nù.

Aago mẹ́fà àárọ̀, jáde. Ilẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ́. O lè pàdé àwọn mọ́ńkì, àwọn àlùfáà Búdà aláṣọ ọsàn tí wọ́n ń rìn láìwọ bàtà, abọ́ lọ́wọ́ wọn, táwọn ará àdúgbò ń kúnlẹ̀ fi oúnjẹ sí i. Yà fún wọn. Máa bọ̀ ní ìsàlẹ̀ lọ sí Pak Khlong Talat, ọjà òdòdó. Bíi kìlómítà méjì ni sí Khao San, ọjà náà kì í sì í sùn. Àwọn ìyá kan á jókòó sórí àpótí kékeré, abẹ́rẹ́ wọn gùn bíi wáyà kẹ̀kẹ́, wọ́n á máa fi gún èèhù òdòdó jásímìn lọ́kọ̀ọ̀kan, funfun, kò tí ì là, títí wọ́n á fi fi ṣe ẹ̀gbà. Wọ́n á gbé e lé yìnyín kó má bàa rọ. Mo dúró ti ìyá kan bí ogún ìṣẹ́jú, kò wò mí lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ẹ̀ náà ò sì dúró. Mo ra ẹ̀gbà kan ní 20 báàtì, owó wọn, mo fi kọ́ báàgì, òórùn ẹ̀ bá mi dé alẹ́.

Wat Pho ń ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ. Wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. 300 báàtì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi gbẹ̀yìn. Ère Búdà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀ gùn ní mítà 46, ó ga ní mítà 15, ilé tí wọ́n kọ́ bò ó sì fún mọ́ ọn débi pé o ò lè rí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ lo máa rí i láàárín òpó, bí ẹni ń yọjú wo erin nínú igbó. Rìn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀: ìkarahun dídán ni wọ́n fi ya àmì 108 síbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, abọ́ idẹ 108 wà ní ìlà kan, táwọn èèyàn ń ju owó wẹ́wẹ́ sí. Kó o tó rí wọn ni wàá ti máa gbọ́ ọ, kíń, kíń, kíń.

Látibẹ̀, ẹsẹ̀ díẹ̀ ni sí èbúté Tha Tien. Ọkọ̀ ojú omi 5 báàtì á gbé ẹ sọdá sí Wat Arun. Tó o bá ti parí ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀, padà sílé, wẹ̀, sùn. Mo ní kó o sùn. Má jáde títí di aago mẹ́rin. Ìrọ̀lẹ́, gun Golden Mount, kí oòrùn wọ̀ lójú ẹ, kó o wá rin Chinatown lálẹ́, torí alẹ́ gan-an ni Chinatown.

Lumphini, fi sílẹ̀. Ó jìn sí ibi tó kù. Àyàfi tó o bá fẹ́ rí àwọn awọ́nríwọ́n ibẹ̀, wọ́n ń rìn lórí koríko bí ẹni pé àwọn ló ń gbowó ẹnu ọ̀nà.

Báàgì kílò mọ́kànlá? Họ́sítẹ̀lì ní kọ́bọ́ọ̀dù onítìpa. Mú àgádágodo ti ara ẹ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ "abẹ́ páànù ni mo dàgbà sí" yẹn ni mo fẹ́ bá àbúrò mi fà.

Ooru kì í ṣe nǹkan tuntun sí wa, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bi ara ẹ: ìgbà wo lo fẹsẹ̀ rin Mọ́kọ́lá dé Challenge láago kan ọ̀sán gbẹ̀yìn? Ọ̀kadà lo gùn. Abẹ́ igi lo jókòó sí. Ní ilé, a kì í bá oòrùn jà, a máa ń yẹra fún un ni, a ò kàn mọ̀ pé ohun tá à ń ṣe nìyẹn. Tí èèyàn bá di arìnrìn-àjò, ó á gbàgbé gbogbo ọgbọ́n yẹn nítorí pé ó ti sanwó bàálù.

Ohun mìíràn tún ni pé òógùn tó ń ṣàn kọ́ ló ń mú ara tutù, ìgbà tó bá ń gbẹ lára ni ara ń tutù. Nígbà ọyẹ́, aṣọ tó o sá sórí okùn, kó o tó yíjú padà ó ti gbẹ. Ní Bangkok lóṣù kẹrin, mo fọ bùlaosì kan lálẹ́, mo so ó kọ́ fèrèsé, ilẹ̀ mọ́, ó ṣì tutù rìnrìn. Bí bùlaosì yẹn ò ṣe gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ara ẹ ò ní gbẹ. Á kàn máa ṣàn lásán ni, iyọ̀ ara ẹ á sì máa bá a lọ.

Èmi nọ́ọ̀sì tó yẹ kó mọ̀, ó ṣe mí. Mo rìn láti Chinatown lọ síbi òpó pupa gíga tí wọ́n ń pè ní Giant Swing, ọ̀sán gangan. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí kìkìkì. Lẹ́yìn náà omi ò wù mí mu mọ́. Lẹ́yìn náà ara mi yọ tòròtòrò bí ẹni tí òtútù ń mú, lábẹ́ oòrùn yẹn! Ìyá kan tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú kẹ̀kẹ́ onígíláàsì ló rí mi. Kò gbọ́ èdè mi, n ò gbọ́ tiẹ̀. Ó fà mí sábẹ́ agboòrùn ẹ̀, ó bu yìnyín tó fi ń tọ́jú ọjà, ó dì í sínú aṣọ, ó fi lé mi lẹ́yìn ọrùn. Kò gbowó. Mo ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí ojú.

Torí náà:

Mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Omi ẹ̀rọ ọ̀hún, má mu ún, ra ti inú ike. Ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven wà ní gbogbo oríta, ibẹ̀ lo ti máa rí páúdà ORS onípákẹ́ẹ̀tì, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Po ọ̀kan lówùúrọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Omi lásán tí kò níyọ̀, tó o bá ń mu ún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òun náà á fọ́ ẹ lórí. Tí ìtọ̀ ẹ bá pọ́n bíi tíì, o ti pẹ́ jù.

Tí orí bá ń yí ẹ, wọ ibi tó tutù, jókòó, tú bàtà. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tí ara gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń lọ́, tàbí tí o ò dá ibi tó o wà mọ̀ mọ́, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìsinmi. 1669 ni nọ́ńbà áḿbúláǹsì wọn. Kọ ọ́ sórí ìwé, má kàn fi sínú fóònù nìkan.

Jẹ̀lẹ́ńkẹ́

Gbogbo èyí fún kí ni? Wọ mọ́tò oníéésì, kó o dé ibi tó o ń lọ bí ọmọlúàbí.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣábọ̀

@Jẹ̀lẹ́ńkẹ́ Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ibẹ̀, wàá rò pé Ọ́jọ́ta ni. Láàárín Khao San àti ààfin, ẹlẹ́sẹ̀ máa ń dé ṣáájú.

Mámà_Ìbejì_Peckham

Ọmọ mi, ẹ kú ìmúra o. Èmi àgbà obìnrin, èmi náà dá lọ, lẹ́yìn tí àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí àwọn ọkùnrin kì í sọ.

Itan. Ẹ̀yin tí itan yín ń pàdé, ẹ fi báṣẹ̀líìnì pa á kí ẹ tó jáde. Kìlómítà mẹ́ta nínú òógùn, abẹ́ itan mi bó bíi ti ọmọ tí wọn ò pààrọ̀ nápíìnì fún. Ọjọ́ kejì bí ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo ń rìn.

Aṣọ. Ní ààfin, èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò, ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n ń dá èèyàn padà lẹ́nu géètì. Kò ní kó o di ẹrù aṣọ. Èmi mú ìró kan, àǹkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: mo ró o wọ tẹ́ḿpìlì, mo fi bo èjìká nínú ọkọ̀ ojú omi, mo fi nu òógùn, mo tẹ́ ẹ sùn lọ́sàn-án. Ìwọ ọkùnrin, ṣòkòtò gígùn tó fẹ̀, kó má jẹ́ jíǹsì. Wọ́n ń ta èyí tó ní àwòrán erin ní gbogbo Khao San, á sì fà ya kó o tó dé Chiang Mai.

Bàtà. Wàá bọ́ ọ nígbà tó o bá ń wọ tẹ́ḿpìlì, wàá wọ̀ ọ́, wàá tún bọ́ ọ. Ẹni tó wọ bàtà olókùn máa kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n má wọ sílípáàsì lásán, títì wọn rí jágajàga, bíríkì kan á gbé ẹsẹ̀ sókè lójijì bíi ti Muṣin. Sàńdà tó ní okùn lẹ́yìn ló dáa. Tó o bá jókòó níwájú Búdà, ká ẹsẹ̀ sẹ́yìn, má na àtẹ́lẹsẹ̀ sí i. Má fọwọ́ kan orí ọmọ ọlọ́mọ, bó ti wù kó wuyì tó. Àwa obìnrin, a kì í fara kan mọ́ńkì rárá. Láago mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó o bá gbọ́ orin orílẹ̀-èdè wọn ní ọgbà tàbí ní ibùdókọ̀, tí gbogbo èèyàn dúró sójú kan, ìwọ náà dúró. Ọ̀rọ̀ ọba wọn, má fi ṣàwàdà níbì kankan, òfin ibẹ̀ ò gbàwàdà.

Àti agboòrùn! Agboòrùn ni orúkọ ẹ̀ lédè wa, òjò nìkan la máa ń ṣí i fún. Àwọn obìnrin ọ̀hún ń fi gba oòrùn ní tòótọ́. Ra ọ̀kan. Má wò ó pé ọkùnrin ni ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ṣábọ̀, ẹ fo ààfin kọjá ní tiyín, mo rí i o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà fò ó.

Ẹ̀gbọ́n_Ṣábọ̀

Mámà, mo dọ̀bálẹ̀. 500 báàtì ni mo fò, àti èrò. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, ọkọ̀ àwọn onírìn-àjò ti tú bíi ẹgbẹ̀rún èèyàn síbẹ̀, kò sí ibòji, òkúta funfun ni ilẹ̀ ẹ̀, ooru ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó tún ń tòkè bọ̀. Ní tèmi, Wat Pho tó.

Mámà_Ìbejì_Peckham

Ó tó fún ẹni tó ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ọdún 1782 ni ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé ọba tó wà níbẹ̀ dòní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, òun ló sì gbé olú-ìlú wá sí ẹ̀bá odò yẹn. Ère Búdà aláwọ̀ ewé tó wà nínú ẹ̀ ò ga tó mítà kan, òkè téńté ni wọ́n gbé e sí, ọba fúnra ẹ̀ ló sì ń pààrọ̀ aṣọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún: tẹ̀ẹ̀rùn, tòjò, tòtútù. Lóṣù kẹrin, aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn ló máa wà lọ́rùn ẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Kó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí èrò tó dé, kó wá ṣe Wat Pho lẹ́yìn.

Arìnká_Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin àgbà. Báàgì máa sùn sílé. Aago mẹ́fà náà, mo gbà.

Ìbéèrè mẹ́ta. Àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ń rẹ́ èèyàn jẹ bí wọ́n ṣe ń wí? Oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì, ṣé inú mi ò ní bàjẹ́? Tí oorun ò bá wá kùn mí lọ́sàn-án ńkọ́, ibo ni màá sá sí?

Ọlọ́jà_Pratunam

Aṣọ ni mò ń kó wá láti Bangkok láti ọdún pípẹ́, nítorí náà ìlú yẹn kì í ṣe ibi ìgbádùn fún mi, ọjà ni. Ṣùgbọ́n gbọ́.

Kẹ̀kẹ́ kọ́ ni wàhálà, ẹnu ni. Nítòsí ààfin, ọkùnrin kan tó múra dáadáa á bá ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Wọ́n ti ti ààfin lónìí, àdúrà ni wọ́n ń gbà." Á mọ kẹ̀kẹ́ kan tó máa fi owó táṣẹ́rẹ́ gbé ẹ yí tẹ́ḿpìlì mẹ́ta ká. Ṣọ́ọ̀bù olókùúta iyebíye ni wàá bára ẹ. Kò sí ẹni tó máa lù ẹ́, wọ́n á kàn máa fi ojú àánú wò ẹ́ títí wàá fi rà á. Wọn ò ti ààfin. Rẹ́rìn-ín, máa lọ, lọ fojú ara ẹ wo géètì. Tí ọ̀rọ̀ bá le, 1155 ni ọlọ́pàá àwọn àlejò.

Títì. Èyí lè pa èèyàn, ẹ fetí sí i. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa mọ́tò sí, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, bíi ti Nàìjíríà kó tó di oṣù kẹrin 1972. Mọ́tò àkọ́kọ́ tó máa bá ẹ, ọwọ́ ọ̀tún ló ti ń bọ̀. Ọrùn wa ti mọ́ òsì lára. Má gbójú lé ìlà funfun ojú títì, wọn kì í sábà dúró. Sì máa wẹ̀yìn lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà, ọ̀kadà ń gba ibẹ̀.

Ibi ìsásí: lábẹ́ Golden Mount níbẹ̀, èbúté kan wà tí wọ́n ń pè ní Phan Fa. Ọkọ̀ ojú omi tó ń rin odò tóóró Saen Saep ibẹ̀ ló ti ń gbéra. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Kọ̀ńdọ́ ẹ̀ á dé akoto, á máa rìn létí ọkọ̀ lóde bíi kọ̀ńdọ́ dánfó, afárá á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lórí, á bẹ̀rẹ̀, á dìde, á gbowó. Tí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀, ẹni tó jókòó létí á fa okùn kan, tapólì á dìde kí omi má bàa ta sára yín. Fa okùn yẹn kíákíá, omi ọ̀hún kì í ṣe omi tó yẹ kó wọ ẹnu. Bọ́ sílẹ̀ ní Hua Chang, rìn díẹ̀, ilé iṣẹ́ ọnà ńlá ìlú náà, BACC, ló wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, éésì ń fẹ́, o lè wà níbẹ̀ láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n ń tì í.

Èdè wọn pẹ̀lú: má bẹ̀rù. Ohùn ni bíi tiwa. Tiwa mẹ́ta, tiwọn márùn-ún. Bá a ṣe ní igba, igbá, ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni "mai" kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wọn lè jẹ́ "tuntun", ó lè jẹ́ "igi", ó lè jẹ́ "kò", ó tún lè jẹ́ pé nǹkan jóná. Àwọn òyìnbó á máa pè é gbọọrọ. Etí ọmọ Yorùbá á mú un kó tó di ọ̀sán. Oníbàárà mi kan níbẹ̀ máa ń ní ẹnu mi dùn, mo mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń dín owó kù.

Aláta_Òkè_Àdó

Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ tèmi ni. Jẹun níbi tí èrò wà, níbi tí wọ́n ti ń dín in lójú ẹ. Yìnyín tó ní ihò láàárín, iléeṣẹ́ ló ti wá, ìyẹn ò ní wàhálà.

Som tam ni kẹ́ ẹ wá. Ìbẹ́pẹ dúdú tí kò tí ì pọ́n ni, wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á gún un nínú odó amọ̀ pẹ̀lú ọmọ-odó igi. Áyù àti ata á kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ṣúgà ọ̀pẹ, ẹ̀wà eléèpo gígùn, tòmátì, edé gbígbẹ, ẹ̀pà, ọsàn wẹ́wẹ́, omi ẹja. Ọwọ́ ọ̀tún ń gún, ọwọ́ òsì ń fi ṣíbí yí i. Kì í gún un kúnná, ó kàn ń lù ú kí omi jáde ni, póók, póók, póók. Mo dúró síbẹ̀, ilé ìyá mi àgbà ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìyá náà bi mí iye ata. Èmi tí wọ́n ń pè ní Aláta, mo na ìka márùn-ún. Ó wojú mi, ó wo ọmọ ẹ̀, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ata wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tí ẹyẹ ń jẹ nílé wa, àmọ́ tútù ni wọ́n ń lò ó, kò rí epo, kò rí iná. Ẹ̀gbọ́n, mo sunkún. Ẹ na ìka kan. Ẹ ní "phet nit noi", pé kó ta díẹ̀.

Ẹni tí ara ẹ̀ kọ ẹ̀pà tàbí edé, kó kọ ọ́ sórí ìwé lédè wọn kó tó kúrò nílé.

Reluwé_Ni_Mí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan ò tí ì sọ èyí: àwọn ìwé atọ́nà àtijọ́ á ní ibùdó Hua Lamphong ni kó o ti wọ reluwé Chiang Mai. Láti oṣù kìíní 2023, wọ́n ti kó àwọn reluwé ọ̀nà jíjìn lọ sí Krung Thep Aphiwat, ní Bang Sue. Reluwé abẹ́ ilẹ̀ MRT dé ẹnu ẹ̀. Chiang Mai lóṣù kẹrin, èéfín igbó tí wọ́n ń sun máa ń bo ibẹ̀, mú ìbòmú dání.

Nọ́ọ̀sì_Ṣàgámù

Ìwé Nàìjíríà lo fi ń lọ, àbí? Yàtọ̀ sí físà, má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yellow fever. Tábìlì ìlera ni wàá kọ́kọ́ lọ ní pápákọ̀ òfurufú, kó o tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ímígíréṣọ̀n. Ẹni tó bá tò sórí ìlà ímígíréṣọ̀n tààrà, wọ́n á dá a padà, á tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìwọlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní TDAC pẹ̀lú, láàárín ọjọ́ mẹ́ta kó o tó dé lo máa kún un, ọ̀fẹ́ ni. Ibi tó bá ní kó o sanwó, sá kúrò níbẹ̀.

Arìnká_Mọ́kọ́lá

Mo ti padà dé o! Rárá, n ò tí ì padà, Chiang Mai ni mo wà, èéfín náà wà lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo jáde ní mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọjà òdòdó, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò purọ́. Ìyá onípáánù òdòdó kan ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́ kan, ó ń to ẹ̀gbà lọ́wọ́ kejì. Lójú ọ̀nà ààfin, ọkùnrin náà wá! Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ gẹ́lẹ́: ṣẹ́ẹ̀tì funfun, awò lójú, ohùn jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti tì í." Mo rẹ́rìn-ín débi pé òun náà rẹ́rìn-ín. Mo ti wọ ààfin ní mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mo jáde ní mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni èrò ń ya wọlé bí omi. Mámà, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ gbóná lóòótọ́.

Wat Pho gbà mí ju bí mo ṣe rò lọ, mo jókòó ti ìró àwọn owó wẹ́wẹ́ yẹn. Nígbà tí mo fi máa sọdá sí Wat Arun, mọ́kànlá ti lù. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí Nọ́ọ̀sì ń wí. Òkè ilé yẹn, àfọ́kù àwo alámùúrín ni wọ́n fi lẹ gbogbo ara ẹ̀, òdòdó kọ̀ọ̀kan àfọ́kù márùn-ún mẹ́fà, ó ń kọ mànà bọ̀ lójú mi. Mo gùn ún dé àárín, orí bẹ̀rẹ̀. N ò ṣe akọni. Mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó síbi ibòji ẹ̀bá odò, mo mu ORS, mo padà sílé nínú ọkọ̀ alásìá ọsàn, 16 báàtì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wọkọ̀. Mo sùn láti aago kan dé mẹ́ta kọjá, n ò mọ ẹni tó wọlé, n ò mọ ẹni tó jáde.

Títì: mo wo òsì. Lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ Ọlọ́jà, mo wo òsì. Ìyá àgbà kan ló di kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi mú. Ọ̀kadà kọjá níwájú imú mi.

Golden Mount ní aago márùn-ún ààbọ̀: àtẹ̀gùn 344, wọn ò ga, agogo wà lójú ọ̀nà tí èèyàn lè lù. Lókè, afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gidi! Mo dúró síbẹ̀ títí iná ìlú fi tàn. Chinatown lálẹ́, mo rìn ín já lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ som tam ìka kan. Ìka kan náà mú mi lágara.

Aláta_Òkè_Àdó

😂 Mo ní kẹ́ ẹ wí.

Mámà_Ìbejì_Peckham

Adúpẹ́ o. Agboòrùn ńkọ́?

Arìnká_Mọ́kọ́lá

Mo rà á, Mámà. Aláwọ̀ píńkì ni, òun nìkan ló kù. Ó wúlò púpọ̀. Inú reluwé ni mo gbàgbé ẹ̀ sí.